Orí Ni Ti Mọ́mì, Ara Ni Ti Bọ̀ọ̀dá Ṣàmsú

Ifọ̀,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Keje, 2025.

Mọ́mì mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Orúnkún kan ṣoṣo ni mo fi kúnlẹ̀ o, torí inú ń bí mi sí yín, mi ò sì lè purọ́ nínú ìwé. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àjò. Àǹtí Ìbíwùnmí tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ló máa ya fọ́tò lẹ́tà yìí, á sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Tí ẹ bá fẹ́ fèsì, ẹ fi ọwọ́ kọ tiyín náà kí ẹ ya á. Ẹ má pè. Tí ẹ bá pè, Ìyá Àgbà á ní kí gbogbo ilé wá gbọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ àdúrà, a ó máa ṣe àmín títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi já, mi ò ní tíì sọ ohun tó wà nínú mi.

Ọ̀rọ̀ tírélà ló gbé mi dé ìdí bírò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Bọ̀ọ̀dá Ṣàmsú, àbúrò yín, ti Ṣakí dé. Mo gbé èbà fún un, ó bu òkèlè, kò rántí fi í sẹ́nu. Mo rò pé ibà ni. Ìyá Àgbà ní, "Ṣàmsú, kí ló lé ọ?" Ó ní, "Orí ọkọ̀ ló ń jó." Ó ní nígbà tí òun ń gbé síméǹtì lọ, òun ń sọ̀kalẹ̀ òkè kan lẹ́yìn Abẹ́òkúta, òjò ti rọ̀, òun yí sìtíárìn, orí ọkọ̀ ò gbọ́, ara ọkọ̀ sì ń tì í bọ̀ láti ẹ̀yìn. Orí wá ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ìrù ajá. Ó ní òun ti ka kálímọ̀ tán kó tó dúró. Ó ní orí yẹn ti gbó, ẹ̀yin lẹ sì ni ín.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn méjì lè ni tírélà kan. Ó ní orí tó ń fa ọkọ̀ ni tiyín, ara gbọọrọ tó ń ru ẹrù ni tòun. Ó ní Alhaji kan wà ní Mowé tó ní orí tó tuntun ju èyí lọ. Tí ẹ ò bá gbà kí wọ́n ta tiyín, òun á tú ara tòun kúrò, òun á so ó mọ́ ti Alhaji, kí tiyín wá jókòó síwájú ilé kí adìẹ máa yé sínú rẹ̀.

Ìyá Àgbà bú sẹ́kún. Wọ́n ní ọmọ méjì tí àwọn bí fẹ́ gé ọkọ̀ sí méjì bí iṣu. Ọkọ̀ yẹn ló ń bọ́ ilé yìí o, Mọ́mì, òun náà ló sì fẹ́ pa Bọ̀ọ̀dá Ṣàmsú. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn rèé: tí orí bá gbó lóòótọ́, kí ló dé tí kì í jó nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo? Mo bi Bọ̀ọ̀dá Ṣàmsú bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n lọ fọ abọ́.

Èmi ọmọ yín tí ẹ fi sílẹ̀,
Toyyibah.


Winnipeg, Kánádà,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Keje, 2025.

Toyyibah, Àjíbíkẹ́ mi,

Àsàlámù aláíkùmù. Mo gba ìkúnlẹ̀ orúnkún kan yẹn, èkejì á dé lọ́jọ́ tí inú rẹ bá rọ̀. Bá mi kí Màmá, kí o ní kí wọ́n nu ojú wọn. A ò tíì gé nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ ti èèyàn méjì. Orí ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti ìwé tirẹ̀, ara náà ní tirẹ̀. Nígbà tí mo ń ta pákó ní Ìbàfò ni mo ra orí. Ṣàmsú ti ní ara nílẹ̀ tí kò rí ohun tó máa fà á. A kàn gbé wọn fún ara wọn ni, bí ẹni gbé ìyàwó. Wọ́n lè kọ ara wọn sílẹ̀, kálukú á sì máa jẹ́ orúkọ tirẹ̀ lọ.

Ká sòótọ́, ní gbogbo ìgbà yẹn mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ju pé ó ń jáde, ó ń wọlé. Ìgbà tí mo dé ìhín tí èmi fúnra mi di awakọ̀ tírélà ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lóṣù tó kọjá. Ibì kan wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀, dandan ni kí ọkọ̀ ńlá yà síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹrù mi ò tó ohun tí òfin gbà, mo fọkàn balẹ̀. Wọ́n dá mi dúró. Obìnrin tó jókòó níbẹ̀ ní, "Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò wúwo jù. Ibi tó wúwo sí ni ò dáa." Àṣé kì í ṣe ọkọ̀ lódindi nìkan ni wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n ń wọn ìlà táyà lọ́kọ̀ọ̀kan: ti iwájú lábẹ́ dírẹ́bà, ti abẹ́ ibi tí ara ti gùn lé orí, àti ti ìdí ọkọ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó yẹ kó rù. Ìlà ìdí tèmi ti ru tirẹ̀, ó tún ń bá àwọn yòókù ru tiwọn. Wọ́n ní kí n padà lọ tún ẹrù tò. Ojú tì mí, àmọ́ látọjọ́ yẹn ni nǹkan ọ̀hún ti ń wù mí láti mọ̀.

Nítorí náà, kí a tó ní orí gbó: níbo ni wọ́n ń to ẹrù sí lára ọkọ̀ wa? Ṣé iwájú ló pọ̀ sí àbí ẹ̀yìn? Ta ló ń tò ó? Ṣé wọ́n ń fi nǹkan kún un lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n tán? Lọ wò ó fún mi. Má bi Ṣàmsú, ojú ara rẹ ni kí o fi wò ó.

Ṣé o ti padà sí ilé ìwé? Wọ́n ní látìgbà tí wọ́n ní kí o tún kíláàsì kà ni o ti jókòó sílé. Ìtìjú kì í pa èèyàn o.

Ìyá rẹ,
Sùwéébátù.


Ifọ̀,
Ogúnjọ́, oṣù Keje, 2025.

Mọ́mì,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ mú èyí tó bá bá yín mu. Mo ka lẹ́tà yín tí Àǹtí Ìbíwùnmí tẹ̀ jáde fún mi títí ó fi fẹ́ ya. Táyà gba ìwé tán, èmi gba ìlà kan nísàlẹ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ ìbáwí. Tó bá jẹ́ tírélà ni mí, ẹ ò bá ti béèrè ibi tó ń dùn mí. Mi ò tíì padà sí ilé ìwé. Mi ò fẹ́ jókòó sáàárín àwọn ọmọ kéékèèké kí wọ́n máa pè mí ní àǹtí.

Àmọ́ mo lọ wò ó. Ẹ mọ̀ mí, tí nǹkan bá ti ń rìn mí nínú, mi ò lè jókòó. Mo bẹ Bọ̀ọ̀dá Ṣàmsú pé mo fẹ́ wo ibi tí síméǹtì ti ń jáde, ó sì mú mi dání.

Bàbá Máyọ̀kún ni olórí àwọn lódà. Bí wọ́n ṣe ń to síméǹtì, mo rí i pé wọn ò bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Láti bíi àárín ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá ń tò ó lọ sí ìdí. Iwájú níbẹ̀, lókè ibi tí ara ti gùn lé orí, ṣófo gbayawu, èèyàn lè tẹ́ ẹní kó kírun. Mo ní, "Bàbá, ẹ ti fo ibí o." Bàbá Máyọ̀kún rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá ẹ ló ní ká fi í sílẹ̀, kí orí lè mí."

Mo bi Bọ̀ọ̀dá Ṣàmsú. Ó ní, "Ìwọ náà wò ó. Orí ló ń fa gbogbo ẹ̀. Tí o bá tún gbé ẹrù lé e lọ́rùn, ṣé kò ní fún un pa ni? Ẹni tó ń sáré, o fi àyè sílẹ̀ kó mí." Ó dùn létí mi, Mọ́mì. Mo gbà á gbọ́ pátápátá.

Wọ́n wọn ọkọ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n ní kò ju òfin lọ. Bọ̀ọ̀dá Ṣàmsú yí ojú sí mi bí ẹni gba àmì ẹ̀yẹ.

Wàyí o, a dé iwájú ilé. Kò tíì pa ẹ́ńjìnnì tí àdúgbò fi yọ. Ìyá Àgbà ló ṣáájú, pẹ̀lú àwọn àpò gàrí tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé wọn ní Ìṣẹ́yìn. Bàbá Ọmọ́títí gbé ẹ̀rọ ìlọta tó tún ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, èèyàn mẹ́rin ló gbé e. Ìyàwó Ládi yí odó méjì bọ̀ nílẹ̀. Mọ́ṣáláṣí náà kó irin fèrèsé wá, ó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí kan lọ́hùn-ún. Gbogbo ẹ̀, ìdí ọkọ̀ gan-an ni wọ́n ń tì í sí, ó ti ré kọjá táyà tó kẹ́yìn. Bọ̀ọ̀dá Ṣàmsú ní ibẹ̀ ló rọrùn: tí òun bá dé Ìṣẹ́yìn, òun á kàn gbé etí tapólì sókè, òun á sọ ọ́ kalẹ̀, òun ò ní tú gbogbo okùn kí òun tó máa bá ti Ṣakí lọ.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé wọn ò ní wọn èyí ni?"

Ó ní, "Èwo? Èyí náà lò ń pè lẹ́rù? Ẹrù àánú nìyẹn. Mi ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀."

Mọ́mì, ṣé ohun tí èèyàn bá gbé lọ́fẹ̀ẹ́ kì í wúwo ni? Mo kàn ń béèrè ni. Ó ti gbéra láàárọ̀ yìí, òjò sì ṣú.

Toyyibah.


Ibi tí mo ti ń ra epo lójú ọ̀nà,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Keje, 2025.

Toyyibah,

Má wo bí ìkíni ṣe kúrú. Mo ka lẹ́tà rẹ níbí, mo pariwo débi pé òyìnbó kan bi mí bóyá ẹnì kan kú nílé wa. Mo ní kò tíì kú.

Gbọ́. Orí ọkọ̀ ò fẹ́ èémí. Ó fẹ́ rù. Ẹrù tó bá wà níwájú ló ń tẹ táyà orí mọ́lẹ̀ kí ó lè di títì mú. Tí iwájú bá ṣófo, tí ẹrù wá ré kọjá táyà ìdí, ìdí á máa rẹlẹ̀, iwájú á sì máa rọra gbé orí sókè. Ojú ò lè rí i. Táyà á kan ilẹ̀, àmọ́ kò ní tẹ ilẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, tí òkè bá dé, ta ló fẹ́ gbọ́ ti sìtíárìn? Wọn ò sì wọn ẹrù àánú mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n wọ̀n lẹ́nu géètì kọ́ ló ń gun òkè.

Mo ti pe Ṣàmsú, kò gbé e. Sọ fún un kí ó má tún di ẹrù bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ti pé mò ń béèrè táyà jù ọ́ lọ, fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí là ń sọ.

Ìyá rẹ.


Ifọ̀,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹjọ, 2025.

Mọ́mì,

Ẹ kú ìrìn. Mo ti fi ìyẹn sílẹ̀ ná, bí ẹ ṣe wí. Ó wà níbi tí mo fi í sí.

Bọ̀ọ̀dá Ṣàmsú ti dé. Ó dé láàyè, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan iwájú orí ti ha, wọ́n ní igi ló lọ fi ẹ̀gbẹ́ gbá. Kò jẹ́ kí Ìyá Àgbà rí i, ó fi ẹ̀gbẹ́ yẹn kọ ògiri. Mo jíṣẹ́ yín fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ìyá ẹ? Ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́ bí tábìlì. Kí wọ́n wá gun òkè wa lójò ná. Ìwọ tí o ò lè tún kíláàsì ẹ kà, ìwọ lo fẹ́ wá tún ọkọ̀ mi tò." Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ẹ̀yin.

Ẹ má bínú, nígbà tí mo sunkún tán, mi ò fi gbogbo ara gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ mọ́. Mo ní àbí bí àwọn ará òkè òkun ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, bí ẹni pé a ò gbọ́n nílé. Mo fẹ́ rí i fúnra mi. Mo lọ yá ọmọlanke Ládi, èyí tó fi ń kẹ́rù ní ọjà. Ẹ mọ ọmọlanke, táyà méjì lábẹ́, ọwọ́ méjì tí èèyàn máa dì mú. Mo ní èmi ni orí, táyà méjèèjì yẹn ni táyà ìdí. Mo to búlọ́ọ̀kù sí ìpẹ̀kun ẹ̀yìn, mo fi ọ̀dọ̀ mi sílẹ̀ lófìfo kí n lè mí. Mọ́mì! Mi ò tíì fà á tí ọwọ́ rẹ̀ fi gbé mi sókè. Ẹsẹ̀ mi ń wá ilẹ̀. Mo fẹ́ yà sápá òsì, sílípáàsì mi ń yọ̀, kinní ọ̀hún ń gbé mi lọ síbi tó wù ú. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ládi ní, "Toyyibah, ṣé o fẹ́ fò ni?"

Mo wá kó gbogbo ẹ̀ bọ̀ sí ọ̀dọ̀ ara mi. Ìyẹn náà ò dáa o, ó fẹ́ fa apá mi yọ, mi ò lè gbé ẹsẹ̀. Ẹ ò sọ ìyẹn fún mi. Ìgbà tí mo tò ó sórí táyà, tí díẹ̀ wá ń tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi, ló bá jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́ mi jẹ́ẹ́. Mo yà, ó yà. Mo dúró, ó dúró. Mo fà á yí ọjà ká, kò sí ẹni tó rán mi. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Mo fa Bọ̀ọ̀dá Ṣàmsú wá. Ó ní òun ò ráyè eré. Mo ní kó dì í mú lẹ́ẹ̀kan péré. Mo tún un tò bó ṣe máa ń to tirẹ̀, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù ẹrù àánú nídìí. Tòun ti ikùn rẹ̀, ọmọlanke gbé e sókè. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ó dáa. Síméǹtì, mo lè ní kí Bàbá Máyọ̀kún sún un síwájú. Àmọ́ ta ló máa sọ fún Màmá pé gàrí wọn wúwo? Ìwọ ni? Tí a bá gba ti Màmá, tí a ò gba ti àdúgbò, ta ló tún máa kí wa? Jẹ́ kí n gba orí Alhaji. Ó tuntun, á lè gbà á."

Mọ́mì, orí Alhaji náà máa jó. Ó mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀. Ó kàn rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti pààrọ̀ orí ọkọ̀ ju kó sọ̀rọ̀ lójú ìyá rẹ̀ lọ ni. Ó ní ìrìn kan sí i pẹ̀lú tiyín, lẹ́yìn náà wọ́n á wá so ti Alhaji. Ẹ fèsì kíá.

Toyyibah.


Ifọ̀,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹjọ, 2025.

Mọ́mì,

Ẹ ò fèsì. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ bá Àǹtí Ìbíwùnmí, ó ti ń dá mi lóhùn kí n tó bi í. Ó ní ẹ ti rí fọ́tò náà, àmì rẹ̀ ti yọ. Ṣé torí pé mo ní ó wà níbi tí mo fi í sí ni? Mo sọ ọ́, mi ò kó o jẹ.

Ọmọ iṣẹ́ Alhaji ti Mowé dé. Ó ń yí ara ọkọ̀ ká, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá táyà bí ẹni fẹ́ ra màlúù. Wọ́n ti gba ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ láti di ẹrù. Ìyá Àgbà ti ń yan gàrí, ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí aboyún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ ní Ìṣẹ́yìn, wọ́n ti ń múra ìkómọ.

Mi ò fẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá Ṣàmsú kú. Ó ń bú mi, àmọ́ òun ló ń ra bírò fún mi. Kí ni kí n ṣe?


Thompson, lọ́nà àríwá,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹjọ, 2025.

Àjíbíkẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo sì bẹ̀ ọ́. Ọ̀nà tí wọ́n rán mi kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ìgbà pípẹ́, òótọ́ nìyẹn. Òótọ́ kejì ni pé mo ti ka lẹ́tà rẹ kí n tó gbéra. Mo ka "ó wà níbi tí mo fi í sí", mo pa fóònù. Mo mọ ìdáhùn ọ̀rọ̀ táyà. Mi ò mọ ti ìyẹn. Nígbà tí mo ń wakọ̀ láàárín igbó tí kò sí ilé, òun ni mò ń gbọ́. Ọmọ tó dìde lọ yá ọmọlanke, tó gbé ara rẹ̀ sókè láàárín ọjà kó lè mọ ohun tó jẹ́ òótọ́, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Sọ nǹkan tí kò kan ọkọ̀ fún mi. Mo ń dúró.

Ohun tó kan ọkọ̀ rèé. O bi mí ní àkọ́kọ́ pé ta ló ni ín. Mo sọ ti nọ́ńbà àti ìwé fún ọ, àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́. Tó bá dojú dé, tó pa ọmọ ọlọ́mọ, ẹni tí wọ́n máa wá kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ni oní-nǹkan. Wọn ò ní wá ẹni tó gbé odó méjì lé e. Èmi àti Ṣàmsú ni wọ́n máa wá. Nítorí náà, mo ní ẹnu níbẹ̀, mo sì fi ẹnu yẹn fún ọ. Ẹrù kankan ò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn táyà ìdí, ìbáà jẹ́ ti ìyá mi. Sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ló dúró síbẹ̀. Kúnlẹ̀ kí o tó sọ ọ́, àmọ́ sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé ohun tí mo gbé lé ọ lọ́rùn tóbi. Èmi ni ó yẹ kí n wà níbẹ̀.

Ìyá rẹ.


Ifọ̀,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹjọ, 2025.

Mọ́mì mi,

Orúnkún méjèèjì lónìí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, síméǹtì dé iwájú ilé, ó ti bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, kò sí àyè ìkírun mọ́. Bọ̀ọ̀dá Ṣàmsú jókòó sórí sìtíárìn, kò sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo ibòmíràn. Mo mọ̀ pé ó ti já ìyókù jù sílẹ̀ fún mi. Mo gun ìdí ọkọ̀, mo jókòó gan-an síbi tí gàrí máa ń wà, mo jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi máa fì. Ẹ̀rù ń bà mí débi pé ìtọ̀ ń gbọ̀n mí.

Ìyá Àgbà ní, "Toyyibah, sún."

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀. "Ìyá Àgbà, ẹ má bínú. Ibí ò gba ẹrù mọ́."

"Ta ló wí?"

"Mọ́mì ni. Àwọn ló ni orí."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Èmi ni mo bí ẹni tó ni orí. Èmi ni mo bí ẹni tó ni ara. Ta ló wá ni ọkọ̀ yìí jù mí lọ?"

Àdúgbò hó yèè. Bàbá Ọmọ́títí ní, "Ẹ ti wí i tán, ìyá!" Ìyàwó Ládi ní ọmọ tó sá fún ilé ìwé ti di ọlọ́pàá ojú pópó. Òótọ́ ni Ìyá Àgbà sọ, kò sí ẹni tó ni í jù wọ́n lọ. Mo wá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ tó kọ ògiri." Mo dìde, mo fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sí iwájú, mo fi ojú ibi tó ha hàn wọ́n, igi ṣì há sínú irin níbẹ̀.

Wọ́n fi ọwọ́ pa á. Wọ́n gbójú sókè sí fèrèsé. "Ṣàmsú. Ṣé gàrí mi ló ṣe èyí?"

Bọ̀ọ̀dá Ṣàmsú, pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀, dorí kodò bí ọmọ iléèwé. "Màmá, ẹ má bínú."

"Mo ní ṣé gàrí mi ni?"

"Kì í ṣe gàrí yín nìkan, Màmá."

Ìyá Àgbà yíjú sí àwọn tó gbé àpò, wọ́n ní, "Ẹ gbé e wọlé." Nígbà tí gàrí ti wọlé, kò sí ẹni tó lójú láti fi ẹ̀rọ ìlọta sílẹ̀ níbẹ̀. Kálukú gbé tirẹ̀, wọ́n ń kùn lọ. Ọkọ̀ gbéra.

Ó dé lánàá. Bọ̀ọ̀dá Ṣàmsú ní òjò rọ̀ láti Abẹ́òkúta títí. Ó ní, "Mo yí i, ó yí. Mo tẹ bíréèkì, ó dúró. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀." Ó pe Alhaji, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́. Lẹ́yìn náà ó jù mí ní ìbéèrè: kí ló dé tí ọkọ̀ agbépo kì í sún ẹrù tirẹ̀ síwájú, ṣé epo náà ń rìn nínú rẹ̀ ni? Mi ò mọ̀. A jókòó, a ń rò ó. Àǹtí Ìbíwùnmí ní irú nǹkan báyìí ni wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì tó wà ní Ìbógùn. Mo ní kó má bá mi sọ̀rọ̀ ilé ìwé. Àmọ́ mo bi í pé kíláàsì wo lèèyàn gbọ́dọ̀ kà dé.

Ìyá Àgbà ò bá mi sọ̀rọ̀. Adìẹ ni wọ́n ń rán sí mi. "Adìẹ, sọ fún ọlọ́kọ̀ kó wá gbé oúnjẹ ẹ̀."

Ẹ ní kí n sọ nǹkan tí kò kan ọkọ̀. Mo ti ga. Aṣọ ọdún tí ẹ fi ránṣẹ́ ò kan kókósẹ̀ mi mọ́.

Toyyibah.


Ìṣẹ́yìn,
Ọjọ́ keje, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Mọ́mì mi,

Ẹ wo ibi tí mo ti ń kí yín. Lọ́jọ́bọ̀, Ìyá Àgbà wọ bàtà, wọ́n ní, "Adìẹ, sọ fún ọlọ́kọ̀ kó gbé gàrí. Ìkómọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni." Wọn ò tíì fi ẹsẹ̀ ara wọn dé Ìṣẹ́yìn látìgbà tí tírélà ti ń bá wọn jíṣẹ́. Àpò kan péré ni wọ́n mú, mo gbé e lórí dé gáréèjì.

Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì fẹ́ tì í sí bùútù. Ìyá Àgbà ní, "Gbé e síwájú."

"Màmá, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé ẹrù sí."

"Mo ní iwájú. Ṣé o fẹ́ kí orí ẹ máa jó ni?"

Dírẹ́bà wò mí. Èmi ń wo ìta. Ó gbé gàrí sábẹ́ ẹsẹ̀ wa níwájú, a fi orúnkún kan àgbọ̀n dé Abẹ́òkúta. Wọn ò tíì bá mi sọ nǹkan kan.

Ìgbà tí a gun òkè ẹ̀yìn Abẹ́òkúta yẹn tí à ń sọ̀ kalẹ̀, tírélà kan wà níwájú wa, ó di iṣu. Ìdí rẹ̀ rẹlẹ̀, wọ́n so àga, wọ́n so kẹ̀kẹ́, wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ ọn. Òjò ti ń kán. Ìyá Àgbà na ọrùn. Ọwọ́ wọn wá orúnkún mi, wọ́n dì í mú, ó dùn mí. "Toyyibah," wọ́n ní, "Toyyibah, wò ó, ó ń jó."

Ó ń jó lóòótọ́. Mo rí i.

Ìyá Àgbà gbá dírẹ́bà wa léjìká pé kó fà sẹ́yìn, kó fún un láyè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà, èmi ń ṣe àmín. A ń tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́ títí ó fi dé ìsàlẹ̀ tó tẹ́jú, tó sì dúró lẹ́bàá títì. Bí a ṣe ń kọjá, wọ́n yọ orí lójú fèrèsé, wọ́n ń wo ọkùnrin tó jókòó sórí sìtíárìn, tó fi ojú lé ọwọ́ rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ọmọ ta nìyí? Ta ló gbé gbogbo èyí lé e nídìí?"

Ọmọ yín,
Toyyibah.